Bí ìfun àgbàlagbà ṣe ń wọ inú ara rẹ̀

Ẹni tó bá ti ti eriali rédíò wọlé rí ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀: èyí tó tín-ín-rín á yọ́ wọnú èyí tó nípọn. Ìfun náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Apá kan lára rẹ̀ á wọnú apá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á sì há síbẹ̀. Intussusception ni àwọn dókítà ń pè é. Àìsàn ọmọdé ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí jù. Bí a bá rí ogún ẹni tó ṣe, bí ẹnì kan péré ló máa ń jẹ́ àgbàlagbà.

Ṣùgbọ́n ti ọmọdé lọ́tọ̀, ti àgbàlagbà lọ́tọ̀. Ti ọmọdé sábà máa ń ṣẹlẹ̀ láìsí ohun kan pàtó tí a lè tọ́ka sí. Ti àgbàlagbà, bíi méje sí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló jẹ́ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tó fà á wọlé. Nǹkan yẹn gan-an ni dókítà ń wá.

Iṣẹ́ ìfun ni kó máa ti oúnjẹ síwájú. Ẹ̀yìn òkèlè á fún, iwájú rẹ̀ á dẹ̀, òkèlè á máa lọ. Ká ní kókó kan wá hù lára ògiri ìfun, tó rọ̀ dirodiro sínú ihò. Ìfun ò mọ̀ pé kì í ṣe òkèlè. Á gbá a mú, á máa tì í lọ. Kókó ò sì lè dá lọ, torí ó lẹ̀ mọ́ ògiri, ló bá kúkú wọ́ ògiri náà tẹ̀ lé ara rẹ̀. Awọ tó so ìfun mọ́ ẹ̀yìn inú, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, náà á bá wọn wọlé. Ewu dé nìyẹn. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà lọ sí ọkàn ló rọ̀ jù, òun ló sì kọ́kọ́ ń fún pa. Ẹ̀jẹ̀ ń wọlé, kò rọ́nà jáde, ìfun á wú, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀. Bí ó bá pẹ́ síbẹ̀, apá yẹn á kú, ó sì lè lu.

Irú kókó wo ni? Ibi tó ti ṣẹlẹ̀ ló máa sọ. Nínú ìfun kékeré, èyí tí kì í ṣe jẹjẹrẹ ló pọ̀ jù: kókó ọ̀rá, àpò kékeré tí wọ́n bí mọ́ àwọn kan, àpá iṣẹ́ abẹ àtijọ́ tó lẹ ìfun pọ̀, tàbí irú kókó tí àwọn tó jogún àrùn Peutz-Jeghers máa ń ní (ààmì dúdú wínníwínní tó wà létè wọn ló máa ń tú àṣírí rẹ̀). Jẹjẹrẹ tó bá wà níbẹ̀ sábà máa ń ti ibòmíràn wá, bíi melanoma láti ara awọ. Nínú ìfun ńlá, ọ̀rọ̀ yí padà: bí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló jẹ́ jẹjẹrẹ.

Ìbàdàn ní ìtàn tirẹ̀ níbí. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn oníṣẹ́ abẹ níbẹ̀ kọ nípa àwọn àgbàlagbà tí ìbẹ̀rẹ̀ ìfun ńlá wọn kì wọnú ìyókù rẹ̀, tí wọn ò sì rí kókó kankan nídìí ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ohun tó mú kí ó ṣòro láti mọ̀ ni pé àpẹẹrẹ rẹ̀ kò dá yàtọ̀. Inú á run, á lọ, á tún padà wá, nígbà mìíràn fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Èébì, inú wíwú, bóyá ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́. Inú rírun, kókó tó ṣeé fọwọ́ bà, àti ìgbẹ́ pupa tó ń yọ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n fi ń dá ti ọmọdé mọ̀, kì í sábà pé sára àgbàlagbà. Kò yani lẹ́nu bí wọ́n bá ti wo tàìfọ́ọ̀dù àti ọgbẹ́ inú títí kó tó kan ìfun.

Yíya àwòrán inú ló ń já irọ́. Lójú ultrasound, bí àlùbọ́sà tí a gé ní ìbú ló ṣe máa ń rí, òrùka nínú òrùka. Bí wọ́n bá wò ó ní gígùn, á jọ kíndìnrín. Afẹ́fẹ́ inú ìfun tó wú lè bo ojú ultrasound, nítorí náà CT scan ló dára jù fún àgbàlagbà. Á fi ọ̀rá àti iṣan ẹ̀jẹ̀ hàn níbi tí kò yẹ kí wọ́n wà, ìyẹn láàárín ìfun. Nígbà mìíràn ó ń rí èyí tó kúrú, tí kò dí nǹkan kan, tí kò ní kókó. Irú ìyẹn sábà máa ń tú fúnra rẹ̀, wọn kì í sì í tìtorí rẹ̀ gbé ọ̀bẹ.

Èyí tó kù, iṣẹ́ abẹ ni. Wọ́n lè fi afẹ́fẹ́ ti ti ọmọdé padà láti ihò ìdí, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìfun ńlá àgbàlagbà, wọn kì í fẹ́ fà á yọ kí wọ́n tó gé e, kí jẹjẹrẹ tó bá wà níbẹ̀ má baà fọ́n ká. Wọ́n á gé apá náà kúrò, wọ́n á so ìyókù pọ̀, wọ́n á sì fi èyí tí wọ́n gé ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń mọ kókó náà dájú.