Ìdí tí Díìsìkì Kan Náà Fi Ń Fò Yàtọ̀ Lọ́wọ́ Èmi àti Ìwọ

Bí ẹ bá wo ojú díìsìkì disc golf, ẹ máa rí nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀, bíi 12, 5, -1, 3. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré náà kì í wò kọjá ti àkọ́kọ́. Á ní ṣebí 12 pọ̀ ju 5 lọ, ó di dandan kó lọ jìnnà jù. Á sanwó, á gbé e dé pápá, á jù ú, díìsìkì á ya bàrà sí òsì, á sì já lulẹ̀ nítòsí. Ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ gan-an ni bí ọwọ́ ẹni tó ń jù ú ṣe gbọ́dọ̀ yá tó kí díìsìkì náà tó lè fò bí wọ́n ṣe ṣe é. Bí ọwọ́ kò bá yá tó bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà mẹ́ta yòókù pàápàá á di irọ́.

Fún ẹni tí kò tíì rí eré yìí rí: ẹ ó máa ju díìsìkì láti ibì kan títí yóò fi bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ onírin tí ṣéènì rọ̀ sí lókè. Ẹni tí ìjù rẹ̀ kéré jù ló borí. Ed Headrick, ará Amẹ́ríkà, ló gbé apẹ̀rẹ̀ oníṣéènì jáde. Òun náà ló ṣètò pápá Oak Grove ní California ní 1975, tó sì dá PDGA, ẹgbẹ́ tó ń ṣòfin eré náà, sílẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kó tó dìgbà náà, igi àti òpó iná ni wọ́n máa ń jù ú bá. Ohun tí àwa kan ṣì ń ṣe ní Àkọkà títí di òní náà nìyẹn: a ó mú igi mángòrò kan, a ó ní apẹ̀rẹ̀ kẹta nìyí, kò sì sẹ́ni tó máa jiyàn.

Díìsìkì yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ fírísíbì tí àwọn ọmọdé ń jù létíkun. Ó kéré sí i, ó le, etí rẹ̀ sì mú. Òfin PDGA ni pé kó má fẹ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà 21 láti etí kan sí èkejì, kó má sì wúwo ju gíráàmù 8.3 lọ fún sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ̀. Èyí tó bá fẹ̀ tó 21.2, a jẹ́ pé kò gbọ́dọ̀ kọjá nǹkan bíi gíráàmù 176. Ní 1983 ni Dave Dunipace ti ilé-iṣẹ́ Innova ṣe Eagle, díìsìkì àkọ́kọ́ tí wọ́n fá etí rẹ̀ dà sí ìsàlẹ̀ kó lè máa gé afẹ́fẹ́. Láti ìgbà náà ló ti jẹ́ pé etí ni àṣírí díìsìkì wà.

Ẹni tó bá ta òkòtó rí ní kékeré ti mọ ìdajì ohun tó kù. Òkòtó tó ń yí kíkankíkan kì í ṣubú. Bí ẹ bá fi ìka tì í láti ẹ̀yìn, kì í dojú bolẹ̀ síwájú, ẹ̀gbẹ́ ló máa ń tẹ̀ sí. Díìsìkì náà nìyẹn. Bí ọlọ́wọ́ ọ̀tún bá fà á gba iwájú àyà kó tó jù ú, tí a bá wò ó láti òkè, á máa yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́, tí eré rẹ̀ ṣì le, afẹ́fẹ́ máa ń gbé e lápá ẹ̀yìn ju apá iwájú lọ. Imú rẹ̀ ìbá tẹ̀ wálẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé ó ń yí, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló máa tẹ̀ sí. Tí eré bá wá ń rọ̀, apá iwájú ni afẹ́fẹ́ á máa gbé, imú á fẹ́ gbé sókè, ló bá tẹ̀ sí òsì.

Nínú nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, speed ni ti àkọ́kọ́. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 1, ó sì ń lọ sókè dé nǹkan bíi 14. Putter, tí a fi ń jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí, kì í sábà kọjá 3, etí rẹ̀ tóóró, ó sì ki. Driver tó le jù, tí a fi ń jù ú lọ jìnnà, etí rẹ̀ fẹ̀, ó mú. PDGA kò gbà kí etí yẹn fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 2.6 lọ. Glide ni ìkejì, láti 1 sí 7: bí díìsìkì ṣe ń pẹ́ tó lókè ni. Mi ò ní pẹ́ lórí èyí, nítorí àǹfààní ni fún gbogbo èèyàn, pàápàá ẹni tí apá rẹ̀ kò tíì le. Ìkẹta ni turn, ìyàsọ́tùn-ún ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, láti 1 wálẹ̀ dé -5. Bó bá ṣe lọ sísàlẹ̀ òdo tó ni yóò ṣe yà tó. Ìkẹrin ni fade, ìyàsósì ìgbẹ̀yìn, láti 0 dé 5.

Ẹ̀yin ọlọ́wọ́ òsì, ẹ yí gbogbo ọ̀tún àti òsì inú ọ̀rọ̀ yìí padà. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún tó bá ń na ọwọ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ jù ú náà, kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, ọmọkùnrin kan tí kò tíì pẹ́ láàárín wa mú díìsìkì kan tó ń jẹ́ Destroyer wá. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 12, 5, -1, 3. Ó sáré mẹ́ta, ó jù ú. Díìsìkì náà kò yà sọ́tùn-ún rárá. Kó tó dé ìdajì ọ̀nà ló ti dà sósì, ó lọ forí sọ ìdí ògiri.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ṣé kò ti tẹ̀ báyìí?"

Ẹ̀gbọ́n gbà á, ó fọwọ́ ra etí rẹ̀ yíká, kò sọ nǹkan kan, ó jù ú. Ó lọ gbọnrangandan, ó yà sọ́tùn-ún díẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀, ó wá rọra padà sósì kọjá igi mángòrò wa.

"Kò sóhun tó ṣe é. Gba Leopard yìí, jẹ́ ká wò ó."

Nọ́ńbà ti Leopard ni 6, 5, -2, 1. Ọmọ náà kò sáré lọ́tẹ̀ yìí. Díìsìkì náà tẹ̀ sọ́tùn-ún, ó tún ara rẹ̀ ṣe, ó sì balẹ̀ ní ibi tó jìn dáadáa sí ìdí ògiri tí Destroyer ti já. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n fi gbogbo agbára ju Leopard kan náà, ó yà sọ́tùn-ún láìpadà, ó fi etí balẹ̀, ó sì ń yí lọ bíi táyà sínú koríko. A pẹ́ ká tó rí i.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ sábà máa ń jù ú ní nǹkan bíi kìlómítà 65 ní wákàtí kan. Ọ̀gá máa ń kọjá 100 dáadáa. Turn kì í jáde àfi tí eré bá le tó. Lọ́wọ́ apá tó rọ̀, -1 ti Destroyer kò ní hàn rárá, fade 3 nìkan ló máa ṣiṣẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lọ́wọ́ apá líle, -2 ti Leopard á pọ̀ jù, fade 1 kò sì lágbára tó láti fà á padà. Nítorí náà, tèmi ni pé kí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mú putter kan, midrange kan, ìyẹn èyí tó wà láàárín putter àti driver, tí speed rẹ̀ jẹ́ 4 tàbí 5, àti driver kan tí kò kọjá 7, tí turn rẹ̀ wà ní -1 tàbí -2. Kí driver yẹn wà láàárín gíráàmù 150 sí 165, torí èyí tó fúyẹ́ kì í béèrè agbára púpọ̀. Àwọn kan á ní díìsìkì tí speed rẹ̀ jẹ́ 12 ló ń kọ́ ọwọ́. Ohun tí mo rí ni pé ó máa ń kọ́ ọwọ́ ní bí wọ́n ṣe ń fi ipá yí i, kí wọ́n lè bo ìyàsósì mọ́lẹ̀. Ìkọ́kúkọ̀ọ́ yẹn sì máa ń pẹ́ lára.

Afẹ́fẹ́ ọ̀sà tún ń da ìṣirò yìí rú. Díìsìkì kò mọ bí eré ṣe le tó lórí ilẹ̀, eré rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ ló mọ̀. Ẹ jù ú ní 65 kọjú sí afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ ní 20, 85 ló máa rò pé òun ń sá. Leopard tó ń ṣe jẹ́jẹ́ lọ́wọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á ṣe bó ti ṣe lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n: á dojú dé. Ẹ jù ú tẹ̀ lé afẹ́fẹ́ kan náà, 45 péré ló máa rò, á sì tètè já sósì. Bí afẹ́fẹ́ bá ń bọ̀ lójú, díìsìkì tí fade rẹ̀ pọ̀ ló yẹ, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pàápàá. Jọ́ọ̀sì náà ń ṣe tirẹ̀. Ìlú yẹn ga tó nǹkan bíi mítà 1,200, afẹ́fẹ́ rẹ̀ fúyẹ́ ju ti Èkó lọ, nítorí náà díìsìkì yín á tètè bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, kò sì ní yà sọ́tùn-ún tó bó ṣe ń yà níbí.

PDGA kọ́ ló ń fún díìsìkì ní nọ́ńbà wọ̀nyí. Ìwọ̀n àti bí wọ́n ṣe ṣe é ni ẹgbẹ́ náà ń yẹ̀ wò kó tó fọwọ́ sí i. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ló ń tẹ nọ́ńbà sí i, 9 ti ibì kan sì lè má jọ 9 ti ibòmíràn. Tuntun sì ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Bí díìsìkì bá ti ń forí sọ ògiri àti kọnkéré fún ìgbà pípẹ́, etí rẹ̀ á máa jẹ, turn rẹ̀ á máa pọ̀, fade á máa dín. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé tòkunbọ̀ tí ojú rẹ̀ ti họ lè dára fún ọwọ́ tuntun ju èyí tó ń dán lọ, owó rẹ̀ á sì dín. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi àtàǹpàkò ra etí rẹ̀ yíká, kí ẹ wò ó bóyá ó ti sán, kí ẹ wá jù ú lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí, kí ẹ rí ẹ̀gbẹ́ tó ń yà sí. Ẹni tó bá ní kí ẹ má jù ú wò, iye èyí tó ti sán ni kí ẹ fi na ọjà rẹ̀.