Àwọn oògùn tuntun fún àrùn Alzheimer

Àrùn Alzheimer ló wọ́pọ̀ jù nínú àwọn àìsàn tí à ń pè ní dìmẹ́ńṣíà, tó máa ń mú kí iyè ènìyàn ra díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní lè dá tọ́jú ara rẹ̀ mọ́. Alois Alzheimer, dókítà ará Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní 1906. Wọ́n máa ń ní àgbàlagbà ń ṣarán, bí ẹni pé ọjọ́ orí lásán ló fà á. Àìsàn ọpọlọ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ka àwọn tó ní dìmẹ́ńṣíà ní 2021 sí mílíọ̀nù 57.

Ó pẹ́ tí dókítà ti ń kọ donepezil, rivastigmine, galantamine àti memantine fún aláìsàn. Ìwọ̀nba agbára tó ṣẹ́ kù sí ọpọlọ ni wọ́n ń bá a ṣàmúlò. Wọn kì í dí àrùn náà lọ́nà. Ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ àwọn tuntun: amyloid, pròtéìnì tó ń ṣù jọ láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, ni wọ́n ń gbá kúrò.

Awuyewuye ni aducanumab, tó ṣáájú wọn, bá wọ ọjà. Ìgbìmọ̀ tó ń gba FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, nímọ̀ràn kò fara mọ́ ọn, síbẹ̀ FDA fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹfà 2021, ni mẹ́ta nínú ọmọ ìgbìmọ̀ náà bá kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2024, Biogen, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é, kéde pé àwọn kò ní ṣe é mọ́. Lecanemab gba àṣẹ kíkún ní 2023, donanemab ní 2024.

Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń fa lecanemab sí aláìsàn nínú iṣan, bíi wákàtí kan nígbà kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn 1,795 ni wọ́n fi dán an wò fún oṣù 18. Ìwọ̀n tí wọ́n lò máa ń béèrè nípa ìrántí, ìmọ̀ àkókò àti ibi tí ènìyàn wà, làákàyè, àjọṣe pẹ̀lú ará ìta, iṣẹ́ ilé àti ìtọ́jú ara. Òdo dúró fún ẹni tí kò ní ìṣòro, 18 sì ni ó burú jù. Máàkì àwọn tó gba oògùn fi 1.21 burú sí i, ti àwọn tí kò gbà á fi 1.66. Ìyàtọ̀ 0.45 yìí ni ìròyìn ń pè ní ìdínkù 27 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn onímọ̀ kan ní ará ilé lè má fura sí i rárá. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé amyloid máa ń pòórá gan-an nínú àwòrán ọpọlọ, síbẹ̀ ìrántí tó ti lọ kì í padà. Ìdádúró díẹ̀ ni, kì í ṣe ìwòsàn.

Àwọn oògùn tuntun yìí lè mú kí ọpọlọ wú tàbí kí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sun sínú rẹ̀. Pẹ̀lú lecanemab, wíwú náà ṣẹlẹ̀ sí 12.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwòrán MRI nìkan ló sábà máa ń tú u fó, àmọ́ ó ti pa àwọn kan. Ẹni tó jogún ẹ̀dà jíìnì APOE4 méjì ló wà nínú ewu jù.

Owó lecanemab kì í ṣe kékeré: nígbà tó jáde ní Amẹ́ríkà, $26,500 ni lọ́dún. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ kan náà ní oṣù Kẹjọ 2024 ni àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò oògùn fọwọ́ sí i, tí NICE, àjọ tó ń pinnu oògùn tí ìjọba yóò sanwó fún, sì sọ nínú àbá rẹ̀ pé àǹfààní rẹ̀ kò tó owó tí ìjọba yóò ná lé e.

Bóyá ibi àyẹ̀wò ni ipa àwọn oògùn tuntun yìí ti hàn jù. Ìbẹ̀rẹ̀ àrùn nìkan ni wọ́n wúlò, wọn kò sì wà fún dìmẹ́ńṣíà tí rọpárọsẹ̀ fà. Nítorí náà, dókítà gbọ́dọ̀ rí i dájú pé amyloid wà lóòótọ́, èyí tó ń béèrè àwòrán PET tàbí fífa omi láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Ní oṣù Karùn-ún 2025, FDA fàyè gba àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ fún un, fún ẹni tó ti pé ọdún 55 tí àmì àìsàn náà sì ti ń hàn lára rẹ̀.