Ṣé Ẹ̀pà Ni Kí Ọmọ Kọ́kọ́ Jẹ Ni? Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Oúnjẹ Àkọ́kọ́ Ọmọ

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ìròyìn kan jáde láti Amẹ́ríkà pé àwọn ọmọdé tí ara wọn kọ ẹ̀pà (ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní allergy) ti dín kù níbẹ̀, látìgbà tí àwọn dókítà ti ń sọ fún òbí pé kí wọ́n tètè máa fún ọmọ lẹ́pà jẹ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa dé orí WhatsApp àwọn ìyá n'Íbàdàn, ó ti di "ẹ fún ọmọ oṣù mẹ́rin lẹ́pà". Nọ́ọ̀sì tó ń gún abẹ́rẹ́ àjẹsára sì ti ní ọmú nìkan títí oṣù mẹ́fà. Ìyá àgbà tó wá tọ́jú ọmọ ní ògì lòun fi tọ́ gbogbo àwọn tòun. Ọ̀rọ̀ ikùn ọmọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ à-ń-méfò, ẹ jẹ́ ká mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ṣé òótọ́ ni ìròyìn náà?

Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ̀pà tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n sì pò mọ́ oúnjẹ ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ẹ̀pà oníhóró.

Báwo ni jíjẹ ẹ̀pà ṣe máa wá gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀pà?

Òdì kejì rẹ̀ ni wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2000, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ní kí ọmọ tí irú àìsàn yìí wà nínú ìdílé rẹ̀ má fẹnu kan ẹ̀pà títí yóò fi pé ọdún mẹ́ta. Ní 2008 wọ́n yí ohùn padà, torí wọn ò rí ẹ̀rí pé yíyẹra fún un ń ṣe àǹfààní. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn olùwádìí fi àwọn ọmọ Júù tó ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wé àwọn tó ń gbé ní Ísírẹ́lì. Ìran kan náà ni wọ́n, síbẹ̀ àwọn tí ara wọn kọ ẹ̀pà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ìlọ́po mẹ́wàá ju ti Ísírẹ́lì lọ. Ní Ísírẹ́lì, ọmọ kì í tíì pé ọdún kan tí wọ́n ti ń fún un ní ìpápánu tí wọ́n fi ẹ̀pà ṣe. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ńṣe ni wọ́n ń gbé e sá fún ọmọ.

Ìyẹn ló bí ìwádìí tí wọ́n ń pè ní LEAP, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2015. Ọmọ 640 ni wọ́n kó jọ, láti oṣù mẹ́rin sí mọ́kànlá, àwọn tí eczema, ìyẹn awọ gbígbẹ tó ń sán tó sì ń yúnni, ti ń bá fínra gan-an tàbí tí ara wọn ti kọ ẹyin. Wọ́n ní kí apá kan máa jẹ ẹ̀pà, kí apá kejì má fẹnu kàn án. Nígbà tí wọ́n pé ọdún márùn-ún, àwọn tí ara wọn kọ ẹ̀pà ti fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún dín kù láàárín àwọn tó ń jẹ ẹ́. Àlàyé táwọn onímọ̀ ń ṣe ni pé ohun tó bá gba ẹnu wọlé, ara ọmọ á kọ́ láti mọ̀ ọ́n sí oúnjẹ. Ohun tó bá gba ojú awọ tó sán wọlé, bí ẹ̀pà tó wà lọ́wọ́ àwọn ará ilé tó ń gbé ọmọ, ara lè mú un lọ́tàá.

Kí ló dé tí a ò wá ní bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́rin?

Nítorí ìgbẹ́ gbuuru. Gbogbo ṣíbí, abọ́ àti omi tó bá kan ẹnu ọmọ jẹ́ ọ̀nà tí kòkòrò àrùn lè gbà wọlé, ìgbẹ́ gbuuru sì lè gbẹ̀mí ọmọ ọwọ́. Ìlànà tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, gbé jáde ní 2023 ṣì dúró lórí oṣù mẹ́fà, ìyẹn ọjọ́ 180. Ṣáájú ìgbà náà, ọmú nìkan: kò sí omi, kò sí àgbo. Oṣù mẹ́fà sì wà láàárín oṣù mẹ́rin sí mọ́kànlá tí LEAP lò, nítorí náà ọmọ yín ò tíì pẹ́.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ọmọ ti tó jẹun?

Ó lè jókòó bí a bá fi nǹkan tì í, orí rẹ̀ dúró, ó ń nawọ́ sí oúnjẹ, ahọ́n rẹ̀ kì í sì í ti ṣíbí jáde mọ́. Eyín kì í ṣe àmì. Kí ọmọ máa jí lóru mu ọmú náà kì í ṣe àmì.

Ẹ má sì fi falẹ̀ kọjá oṣù mẹ́fà. Èròjà irin tí ọmọ gbé wá láti inú ìyá rẹ̀, èyí tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, máa ń lọ sílẹ̀ nígbà yẹn, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì wà nínú ọmú.

Ògì ni wọ́n fi tọ́ wa. Kí ló burú nínú ògì?

Ògì ò burú. Ògì lásán tó tún ṣàn ló burú. Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe é: a rẹ àgbàdo, a lọ̀ ọ́, a sẹ́ ẹ, a sì kó èèrí fún ewúrẹ́. Púpọ̀ nínú èròjà amú-ara-dàgbà, ọ̀rá àti irin tó wà nínú àgbàdo ló bá èèrí lọ. A tún wá po ìyókù kó ṣàn kí ọmọ lè mu ún nínú ife. Ikùn ọmọ tó wọn kílò mẹ́jọ kò gbà ju nǹkan bíi mílílítà 240 lọ. Ọmọ oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ nílò nǹkan bíi kálórì 200 lójúmọ́ látinú oúnjẹ, yàtọ̀ sí ọmú. Bí omi ògì bá ti gba ikùn, ọmọ á yó, á sùn, ara rẹ̀ ò sì ní rí ohun tó fi dàgbà.

Ẹ se é kó ki. Ẹ bù ú sínú ṣíbí, kí ẹ dojú ṣíbí náà dé díẹ̀: bí ó bá ń ṣàn sílẹ̀, kò tíì ki tó. Lẹ́yìn náà, fún ìdajì ife ògì, ẹ pò ó mọ́ ṣíbí kékeré kan edé gbígbẹ tí ẹ lọ̀ kúnná, ṣíbí kékeré kan epo pupa, àti ẹyin sísè tó jiná dénú tàbí ẹja tí ẹ ti tẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ìyẹ̀fun tó pé tẹ́lẹ̀ lè ṣe Tom Brown: ife mẹ́fà àgbàdo tàbí ọkà bàbà, ife mẹ́ta sóyà, ife kan ẹ̀pà. Ẹ yan wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí kì í ṣe àkókò kan náà ni wọ́n máa ń jiná. Sóyà ni kí ẹ ṣọ́ jù. Bí kò bá jiná dénú, ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ikùn lè lo èròjà amú-ara-dàgbà. Ẹ yan án títí òórùn ẹ̀wà tútù yóò fi kúrò lára rẹ̀. Kí ẹ tó lọ̀ wọ́n pọ̀, ẹ ka ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀ lórí ẹ̀pà.

Kí ni kí n wá fún un lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, báwo ló sì ṣe máa pọ̀ tó?

Ṣíbí méjì sí mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, lẹ́yìn tó bá mu ọmú tán. Ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tó ìdajì ife mílílítà 250, ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, kó tó pé oṣù mẹ́sàn-án. Láti oṣù mẹ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ọmú ò dúró.

Ará Ìbàdàn ò níṣòro rárá, torí gbẹ̀gìrì ń bẹ nílé. Ẹ̀wà tí a bó, tí a sè rọ̀, tí a sì lọ̀ kúnná ni. Ẹ kàn bu ti ọmọ sọ́tọ̀ kí ata, iyọ̀ àti màgí tó wọ̀ ọ́. Ewédú náà dára, bí ẹ ò bá fi kánún sè é. Ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀dọ̀ màlúù tàbí ti adìẹ tó jiná dáadáa, bí àtàǹpàkò ọwọ́ yín, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹran fúnra rẹ̀ ni kí ẹ lọ̀ fún un. Omi ọbẹ̀ lásán ò ní nǹkan púpọ̀ nínú.

Ní ti ẹja, ẹ má fi ojú nìkan wá egungun. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ ya ẹja náà wẹ́wẹ́, kí ẹ fi ìka méjì ra ìwọ̀nba tí ọmọ máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Egungun tó tín-ín-rín bí irun, ìka ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ṣáwá léwu fún èyí ju ẹja ńlá lọ.

Wọ́n ní ẹyin àti ẹran máa ń sọ ọmọ di olè.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọmọ tí ẹ bá fi ẹyin àti ẹran dù ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè má tó.

Ẹ̀pà wo ni kí n rà, báwo ni kí n ṣe é?

Ẹ fara balẹ̀ níbí, torí ìròyìn Amẹ́ríkà ò ní sọ ọ́ fún yín. Ẹ̀pà tí kò gbẹ dáadáa kí wọ́n tó dì í sínú àpò máa ń bu, ohun tó ń hù lára rẹ̀ sì máa ń mú májèlé kan jáde tí wọ́n ń pè ní aflatoxin. Ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Bí ẹ yan án, bí ẹ sè é, iná ilé ìdáná ò lè pa á tán. Àgbàdo ògì náà lè ní in. Àwọn onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn níbí, ló ṣe Aflasafe, èyí tí àgbẹ̀ ń fọ́n sóko, kílò 10 sí hẹ́kítà kan, kí irú ohun híhù bẹ́ẹ̀ tí kò ní májèlé lè gba ààyè mọ́ èyí tó ní in lọ́wọ́. Àmọ́ ẹni tó ń ra ẹ̀pà l'Ọ́jà Bódìjà ò lè mọ oko tó ti wá, nítorí náà ẹ ó ṣà á fúnra yín.

Ẹ ra ẹ̀pà gbígbẹ tí wọn ò tíì yan. Ẹ tẹ́ ẹ sórí àtẹ, kí ẹ wò ó ní hóró kọ̀ọ̀kan. Èyí tó hunjọ, tó dúdú, tó ti fọ́, tí kòkòrò ti jẹ tàbí tó ní àbàwọ́n, ẹ kó o dànù. Ẹ má kó o fún adìẹ. Ìwọ̀nba hóró díẹ̀ ni májèlé náà sábà máa ń kóra jọ sí, ìdí nìyẹn tí ṣíṣà fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ yan ìyókù nínú ìkòkò gbígbẹ lórí iná tó rọra, ẹ máa rò ó. Ẹ ra á lọ́wọ́ kí èèpo bọ́, ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ tún ṣà á lẹ́ẹ̀kejì, torí hóró tí èèpo bo àbàwọ́n rẹ̀ mọ́lẹ̀ á ti hàn. Ẹ lọ̀ ọ́ nínú blender tó gbẹ tó sì mọ́ títí yóò fi tu òróró, tí kò ní sí kókó kankan nínú rẹ̀. Ẹ má gbé e lọ sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata. Kò sí iyọ̀, kò sí súgà. Èyí tí ọmọ máa jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ni kí ẹ ṣe, kí ẹ dé e pa.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀pà oníhóró. Ó lè bọ́ sí ọ̀nà èémí.

Báwo ni ti ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣe máa rí?

Kí ọmọ ti kọ́kọ́ jẹ oúnjẹ mìíràn fún ọjọ́ mélòó kan. Kí ara rẹ̀ le, kó sì jẹ́ òwúrọ̀, kì í ṣe ìgbà tó fẹ́ sùn. Ẹ po ṣíbí kékeré méjì ẹ̀pà lílọ̀ mọ́ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tàbí ògì, kó má ki jù, torí ẹ̀pà tó ki lè há ọmọ lọ́fun. Ẹ fi orí ṣíbí tọ́ ọ lẹ́nu wò. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí kò bá sí nǹkan, ẹ rọra fún un ní ìyókù, kí ẹ sì máa ṣọ́ ọ fún wákàtí méjì.

Bí ara rẹ̀ bá gbà á, ẹ máa fún un ní ìwọ̀n yẹn ní bí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Kí ẹ fún un lẹ́ẹ̀kan kí ẹ wá pa á tì ò ní ṣe iṣẹ́ tí ìròyìn náà ń sọ.

Ta ni kò gbọdọ̀ dán an wò nílé?

Ọmọ tí eczema mú gan-an, ìyẹn awọ gbígbẹ tó ń sán, tó ń yún un ṣáá, tó ń lọ tó ń bọ̀, àti ọmọ tó ti jẹ ẹyin rí tí ara rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ẹ gbé e lọ bá dókítà ọmọdé kí ẹ tó fi ẹ̀pà kan ẹnu rẹ̀.

Bí ara rẹ̀ bá kọ̀ ọ́ ńkọ́?

Bó bá jẹ́ pé ó kàn sú díẹ̀ yí ẹnu ká, ẹ dá a dúró, kí ẹ fi han dókítà kí ẹ tó tún gbìyànjú. Bí ètè, ojú tàbí ahọ́n bá wú, tí èémí rẹ̀ ń dún, tó ń bì léraléra, tàbí tí ara rẹ̀ rọ jọwọlọ, ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀ka pàjáwìrì tó sún mọ́ yín jù ni, UCH tàbí òmíràn, lójú ẹsẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ yín, ẹ má gbé e dúró lóòró. Abẹ́rẹ́ adrenaline ni oògùn rẹ̀. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un lágbo: ọ̀nà ọ̀fun tó ń wú ò lè gbé e mì, inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà lọ.

Oyin tí a ń tọ́ ọmọ lẹ́nu níbi ìsọmọlórúkọ ńkọ́?

Kí ìyá àti bàbá tọ́ ọ wò lórúkọ ọmọ. Oyin lè gbé kòkòrò kan tó ń hù nínú ìfun ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, tó sì ń mú kí iṣan rẹ̀ rọ títí kan èyí tó fi ń mí. Oyin tó mọ́ jù lọ lè ní in, sísè nílé ò sì ń pa á.

Súgà, iyọ̀, màgí, mílíìkì?

Ẹ má fi mẹ́ta àkọ́kọ́ sí oúnjẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Ẹ lè fi mílíìkì díẹ̀ po ògì, àmọ́ kò gbọdọ̀ rọ́pò ọmú. Bí ẹ bá ń ra oúnjẹ inú agolo, ẹ ka ara rẹ̀: bí súgà bá wà lára ohun mẹ́ta tí wọ́n kọ́kọ́ kọ, ẹ fi sílẹ̀.

Ọmọ ń kọ oúnjẹ. Ìyá àgbà ní kí n rọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ ọmọ. Bí a bá fi ọwọ́ há ọmọ lẹ́nu, tí a di imú rẹ̀ kó lè gbé ògì mì, ìgbà tó bá fẹ́ mí gan-an ni ògì máa wọlé, ẹ̀dọ̀fóró ló sì máa gbà lọ. Ibẹ̀ ni òtútù àyà ti ń bẹ̀rẹ̀, ọmọ sì ti kú sẹ́nu èyí rí. A lè sọ fún ìyá àgbà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Màmá, nọ́ọ̀sì ní ká máa fi ṣíbí fún un, kí ọwọ́ má kó ẹ̀gbin sí i lẹ́nu," kí a sì gbé ṣíbí náà lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n bá wa fún un.

Ọmọ lè kọ oúnjẹ tuntun nígbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá kó tó gbà á. Ẹ fi ṣíbí kan ètè rẹ̀, kó ya ẹnu fúnra rẹ̀. Bó bá yí orí, ó di ọ̀la.

Nígbà wo ni kí n sáré lọ bá dókítà?

Ìgbẹ́ tó ní ẹ̀jẹ̀ nínú, ìgbẹ́ gbuuru tí ojú ọmọ fi wọnú tàbí tí kò fi tọ̀ fún wákàtí mẹ́fà, ọmọ tó ń bì gbogbo ohun tó bá jẹ, àti ọmọ tó pé oṣù mẹ́jọ tí kò tíì gba oúnjẹ kankan sẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n lóṣooṣù ní ilé ìwòsàn ìjọba àdúgbò, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀. Bí ìlà inú káàdì náà ò bá gòkè fún oṣù méjì léra wọn, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì gbogbo ohun tí ọmọ jẹ láàná, ní ṣíbí-ṣíbí, láìyọ omi ògì sílẹ̀.