Nígbà tí 5 bá lágbára ju 500 lọ

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà oríṣi kejì, ìgbà tí ara wọn bá sì ti ń yá ló máa ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti dín èbà kù, wọ́n ń rìn láàárọ̀, ikùn ti fà sẹ́yìn, ṣúgà sì ti ń wálẹ̀. Ó wá ku kí wọ́n dín oògùn kù. Metformin nìyí, kóró funfun ńlá, 500 ni wọ́n kọ sí i. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni glibenclamide, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Daonil, kóró kékeré, 5 péré. Wọ́n á pa ẹni ńlá tì, pàápàá nítorí ó máa ń da inú ènìyàn rú, wọ́n á sì máa lo ẹni kékeré lọ. Òdìkejì ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe gan-an nìyẹn.

Iye oògùn tó wà nínú kóró ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Kò sọ ohun tí oògùn ọ̀hún ń lọ ṣe nínú ara. Ẹ̀dọ̀ ni metformin dojú kọ jù: ẹ̀dọ̀ ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kì í mọ ìgbà tó yẹ kó ṣíwọ́ títú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀, metformin ló ń bá a dín in kù. Kì í fipá mú ìnsúlíìnì jáde. Ìdí nìyẹn tó fi ṣọ̀wọ́n kí òun nìkan já ṣúgà wálẹ̀ kọjá ààlà.

Glibenclamide kò rí bẹ́ẹ̀. Ká fi ìnsúlíìnì wé ọdẹ àdúgbò tó ń kó ṣúgà kúrò ní títì wọ inú ilé, ìyẹn láti inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Lára ẹni tí kò ní àìsàn yìí, ṣúgà fúnra rẹ̀ ló ń fun fèrè tó ń pe ọdẹ. Bó bá ti wọ inú sẹ́ẹ̀lì pancreas, ẹ̀yà ara tó ń ṣe ìnsúlíìnì, ojú ọ̀nà tí potassium ń gbà jáde á tì, calcium á rọ́ wọlé, ìnsúlíìnì á sì tú jáde. Bí ṣúgà ò bá pọ̀, fèrè ò ní dún, ọdẹ á jókòó. Ètò ọlọ́gbọ́n ni. Ohun tí glibenclamide ń ṣe ni pé ó ń ti ojú ọ̀nà potassium yẹn fúnra rẹ̀. Fèrè á máa dún, ì báà jẹ́ pé ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán tán, ì báà jẹ́ pé ààwẹ̀ ló ń gbà. Ọdẹ á sì máa kó ẹni tó bá bá ní títì, títí kan àwọn tó ń gbé oúnjẹ lọ fún ọpọlọ.

Nígbà tí àìsàn ṣì le, fèrè àfipáfun yìí wúlò, torí pé ilẹ̀kùn àwọn ilé ti dógùn-ún, ó gba ọ̀pọ̀ ọdẹ kí ṣúgà díẹ̀ tó wọlé. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti fọn, tí ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sì yọ́, ilẹ̀kùn á tún máa ṣí wẹ́rẹ́. Fèrè ò mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Iye ọdẹ àná náà ló ń pè jáde, títì á sì dá páropáro.

Bí wọ́n ṣe ṣàwárí irú oògùn yìí jẹ́rìí sí i. Ní 1942, ní ìlú Montpellier nílẹ̀ Faransé, dókítà Marcel Janbon ń fi oògùn kan tọ́jú àwọn tó ní taifọ́ìdì, ni ṣúgà wọn bá já wálẹ̀ débi pé ẹ̀mí wọn wà nínú ewu. Taifọ́ìdì ni wọ́n bá wá, kì í ṣe ìtọ̀ ṣúgà. Onímọ̀ ìṣègùn Auguste Loubatières ló wá fi hàn pé pancreas ni oògùn náà ń fipá mú ṣiṣẹ́.

Àwọn tó ṣe ìwádìí DiRECT nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland, tó wò ó bóyá fífọn lè lé ìtọ̀ ṣúgà oríṣi kejì lọ, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017, mọ èyí dáadáa. Ọjọ́ tí àwọn aláìsàn bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ olómi tó tó nǹkan bí 850 kálórì lóòjọ́ náà ni wọ́n dá oògùn ṣúgà wọn dúró. Wọn ò dúró de ìgbà tí ẹnì kan máa dákú. Dókítà ń ṣọ́ wọn, wọn ò sì fi ẹni tó ń gún ìnsúlíìnì sí i. Fún ẹni tó ń dín oògùn kù díẹ̀díẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà, ìnsúlíìnì àti àwọn ẹbí glibenclamide ló sábà máa ń kọ́kọ́ kéré, metformin á sì gbẹ̀yìn. Ó yẹ kí àwọn tó ń ta oògùn kọ ọ́ gàdàgbà sára àpò glibenclamide pé èyí ò ṣe é lò láìjẹun. "Ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́" tí wọ́n máa ń kọ kò tó rárá.

Gbígbọ̀n nìkan ò tó ẹ̀rí o. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ti wà ní 280 mg/dL fún ìgbà pípẹ́, bó bá dé 120, ara rẹ̀ lè máa gbọ̀n, kí ebi máa pa á bí ẹni tí ṣúgà ti tán lára rẹ̀. Ara ti fi 280 ṣe ilé ni, yóò mọ́ra láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà ló lè dájọ́: bó bá fi iye tó kéré sí 70 hàn, ṣúgà ti lọ sílẹ̀ jù, bó bá kéré sí 54, ewu ti dé. Bí ẹ̀rọ ò bá sí nítòsí, kí ó lá ṣúgà ná.

Ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́rin tó kún, tí wọ́n pò mọ́ omi, tàbí ìdajì ìgò Coke gidi, ni wọ́n á kọ́kọ́ fún ẹni tí ṣúgà rẹ̀ já. Wọ́n á dúró fún ìṣẹ́jú 15, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n. Meat pie ò yára tó, ọ̀rá inú rẹ̀ ń dá ṣúgà dúró lọ́nà. Bó bá ti dákú, kí ẹnikẹ́ni má da epo tàbí omi sí i lẹ́nu, torí ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ilé ìwòsàn ló kàn. Bó bá sì jẹ́ pé glibenclamide ló lò, tó dàgbà tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ ò dáa, kí wọ́n má gbé e padà sílé kíákíá nítorí pé ó ti lajú: oògùn náà lè wà lára fún odindi ọjọ́ kan, ṣúgà sì lè tún já lóru.