Ààtàn ni Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Ìtọ́jú Ilẹ̀ Oko

Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn bí ọmọ ènìyàn ṣe kọ́ láti dá ọ̀rá padà sí ilẹ̀ tí ó ti gbìn, odò ńlá tí ń kún bo etí rẹ̀ ni àwọn kan máa ń fi ṣe ìpilẹ̀ṣẹ̀, àwọn mìíràn a sì ní iná tí a fi ń sun igbó ni. Èmi kò gba ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ààtàn ni mo gbà pé ó kọ́ àgbẹ̀ ní iṣẹ́ yìí, ìyẹn òkìtì eérú, egungun, èèpo oúnjẹ àti ìgbẹ́ ẹran tí ó máa ń wà lẹ́yìn ilé ẹnikẹ́ni tí ó bá pẹ́ ní ojú kan.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀ràn náà yóò ti rí ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn, àwọn ènìyàn ti ń gbin àlìkámà àti bálì ní ìwọ̀-oòrùn Éṣíà, wọ́n sì ti kọ́ ilé tí wọn kò fi sílẹ̀ nígbà tí àsìkò bá yí padà. Ọdẹ tí ó ń ṣí kiri kì í ní ààtàn tí ó tó ohun tí a ń wò, nítorí pé ó ti kúrò kí pàǹtírí tó pọ̀. Ẹni tí ó jókòó sí ojú kan ni ààtàn rẹ̀ ń ga sí i láti ọdún dé ọdún, èso tí ó bá sì bọ́ sílẹ̀ nínú ohun tí a dà nù yóò hù níbẹ̀. Edgar Anderson, onímọ̀ nípa ewéko ará Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé ní ọ̀rúndún ogún pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn wa ti bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí igi àti koríko tí ó fẹ́ràn irú ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ tẹ̀ síwájú díẹ̀ sí i. Bí ọkà tí ó hù lórí ààtàn bá dúdú minimini, tí ti oko sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ta ni yóò kọ́kọ́ rí i bí kì í ṣe ẹni tí ń lọ da eérú ààrò nù ní àràárọ̀? Mo rò pé ẹni náà ni ó kọ́kọ́ kó díẹ̀ nínú pàǹtírí ọ̀hún sí agbọ̀n, tí ó sì rù ú lọ sí ìdí ohun tí ó gbìn. Kò sí ẹni tí ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí ọ̀nà mìíràn tí ẹ̀kọ́ náà ì bá gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò tíì ní olùkọ́.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí jẹ́rìí. Ní ọdún 2013, Amy Bogaard ti Yunifásítì Oxford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí ọkà àti ẹ̀wà jíjóná tí a wú jáde ní ibùdó ìgbàanì 13 káàkiri Yúróòpù, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín nǹkan bí ọdún 5900 sí 2400 ṣáájú ìbí Kristi. Oríṣi náítrójìn, èròjà tí ohun ọ̀gbìn nílò láti dàgbà, méjì ni ó wà nínú ilẹ̀, ọ̀kan fúyẹ́, èkejì wúwo díẹ̀ jù ú lọ. Bí ìgbẹ́ ẹran bá ń jẹrà, èyí tí ó fúyẹ́ ni ó máa ń bá afẹ́fẹ́ lọ jù, tí èyí tí ó wúwo yóò sì kù fún gbòǹgbò láti fà. Àmì náítrójìn wíwúwo yìí ni wọ́n rí nínú àwọn ọkà náà, èyí tí ó fi hàn pé àwọn àgbẹ̀ àkọ́kọ́ ní Yúróòpù ti ń fi ìgbẹ́ ẹran bọ́ ilẹ̀ ní nǹkan bí 8,000 ọdún sẹ́yìn. Ìgbẹ́ ẹran kì í sì í tú gbogbo ọ̀rá rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún kan. Ẹni tí ó bá dà á sí oko lónìí yóò máa jẹ èrè rẹ̀ fún ọdún mélòó kan, nítorí náà kò ní fẹ́ kí ẹlòmíràn gba oko náà, ó sì dá mi lójú pé ibí ni ogún ilẹ̀ ti gbilẹ̀ láàárín bàbá àti ọmọ.

Ní ti odò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Láyé àtijọ́, ẹrẹ̀ tí odò Náílì máa ń gbé wá láti òkè Ethiopia ni ó máa ń sọ oko Íjíbítì di ọ̀tun lọ́dọọdún, ẹni tí omi sì ń bá ṣe iṣẹ́ náà kò ní ìdí láti kọ́ ọ. Ní ti iná, eérú ń fún ilẹ̀ ní pọtásíọ̀mù àti ẹfun díẹ̀, ṣùgbọ́n náítrójìn ti bá èéfín lọ, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ àgbẹ̀ yóò sì ṣí lọ sun igbó mìíràn.

Ibi tí ẹ̀rí ààtàn ti lágbára jù lọ lójú mi ni igbó Amasónì. Òjò ti fọ ọ̀rá inú ilẹ̀ ibẹ̀ lọ, ó pọ́n, ó sì kan. Síbẹ̀, láàárín rẹ̀ ni a ti ń bá ilẹ̀ dúdú tí àwọn ará Brazil ń pè ní terra preta, èyí tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wà láti nǹkan bí 2,500 sí 500 ọdún sẹ́yìn. Èédú, egungun ẹja, ìgbẹ́ àti àpáàdì ni ó kún inú rẹ̀, èédú náà sì ń di ọ̀rá mú kí òjò má baà gbé e lọ. Àwọn onímọ̀ ń jiyàn bóyá àwọn onílẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni tàbí ó kàn jẹ́ ààtàn abúlé wọn. Àríyànjiyàn yìí kò dí mi lọ́wọ́ rárá, nítorí pé láti orí èkejì ni a ti ń dé orí èkíní. Ní Làìbéríà àti Gánà pẹ̀lú, ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2016 fi irú ilẹ̀ dúdú bẹ́ẹ̀ hàn ní àyíká àwọn abúlé, níbi tí àwọn obìnrin ṣì ń da eérú, èédú àti pàǹtírí ìdáná sí.

Nígbà tí ìwé kíkọ fi máa dé, òkìtì náà ti di ohun ọ̀wọ̀. Homer, akéwì Gíríìkì ìgbàanì, sọ nípa ajá akọni rẹ̀ Odysseus tí ó ti gbó, tí ó dùbúlẹ̀ sórí ìgbẹ́ màlúù àti ìbaaka tí a kó jọ sí ẹnu ọ̀nà di ìgbà tí àwọn ẹrú yóò gbé e lọ sí oko. Àwọn ará Róòmù tilẹ̀ ní òrìṣà ajílẹ̀, Stercutius ni orúkọ rẹ̀. Columella, ọmọ Róòmù tí a bí ní Spéènì ní ọ̀rúndún kìn-ín-ní, to ajílẹ̀ ní ipò ipò: ti ẹyẹ, pàápàá ti ẹyẹlé, ni ó fi ṣíwájú, ti ènìyàn tẹ̀ lé e, ti ẹran ọ̀sìn sì kẹ́yìn.

Ẹ̀wà ni ó jẹ́ ọ̀nà kejì láti dá ọ̀rá padà sí ilẹ̀, ó sì yẹ kí a bọlá fún un. Cato, ará Róòmù, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kejì ṣáájú ìbí Kristi pé ẹ̀wà àti àwọn ìbátan rẹ̀ tí a ń pè ní lupin àti vetch ń bọ́ ilẹ̀, Jia Sixie ní Ṣáínà sì gba àgbẹ̀ níyànjú ní ọ̀rúndún kẹfà láti gbin ẹ̀wà kí ó sì ro ó mọ́lẹ̀ ní tútù kí ó tó gbin ọkà. Wọ́n mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó di ọdún 1886 kí Hellriegel àti Wilfarth ní Jámánì tó fi hàn pé kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé inú kókó gbòǹgbò ẹ̀wà ni ó ń mú náítrójìn láti inú afẹ́fẹ́.

Ìyókù yára. Ní ọdún 1840, Liebig, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Jámánì, kọ́ ayé pé èròjà inú ilẹ̀ ni ohun ọ̀gbìn ń jẹ. Ìgbẹ́ ẹyẹ láti àwọn erékùṣù Peru kún ọkọ̀ ojú omi tí ń lọ sí Yúróòpù. Lawes, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ fún ajílẹ̀ fọ́sífétì ní 1842, Haber, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Jámánì, sọ náítrójìn inú afẹ́fẹ́ di ohun tí a lè fi ṣe ajílẹ̀ ní 1909, ilé iṣẹ́ tí ó wà ní Oppau ní Jámánì sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é lọ́pọ̀ yanturu ní 1913, tí nǹkan bí ìdajì àwọn ènìyàn ayé fi ń rí oúnjẹ jẹ lónìí.

Lawes yìí kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ oko àlìkámà Broadbalk ní Rothamsted, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1843, oko náà kò sì tíì dáwọ́ dúró. Apá kan wà níbẹ̀ tí kì í rí ajílẹ̀ kankan, àwọn apá kan ń gba ajílẹ̀ oníkẹ́míkà, apá kan sì ń gba ìgbẹ́ ẹran, tọ́ọ̀nù 35 sí hẹ́kítà kan lọ́dọọdún. Ọ̀rá dúdú tí ó wà nínú ilẹ̀ apá tí ń gba ìgbẹ́ ẹran ti ju ìlọ́po méjì ti apá tí kì í gba nǹkan lọ, apá oníkẹ́míkà kò sì súnmọ́ ọn.