Ìṣojú Mi Kọ́ Ni Gbogbo Ohun Tí Mo Rántí Nípa June 12

Bí ọ̀rọ̀ June 12 bá ti délẹ̀, àwa tá a jẹ́ ọ̀dọ́langba nígbà náà kì í gba àtúnṣe lẹ́nu ẹnikẹ́ni. "Ìṣojú mi ni" la fi máa ń parí ọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún 14 ni mí lọ́dún 1993, Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn là ń gbé, mo sì máa ń fọwọ́ sọ̀yà pé mo rí Babangida, olórí ìjọba ológun, lórí tẹlifíṣọ̀n wa lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n wọ́gi lé ìbò ààrẹ June 12 tí Abíọ́lá dù. Bàbá mi wà lórí ìdúró, ó káwọ́ sẹ́yìn. Bí Babangida ṣe sọ̀rọ̀ tán, Bàbá mi pa tẹlifíṣọ̀n, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́rú, ọjọ́ 23, oṣù Kẹfà ni wọ́n kéde pé ìbò náà ti di asán, Babangida kọ́ ló sì kéde rẹ̀. Bébà lásán kan ni, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ sí, ló jáde láti ọ́fíìsì agbẹnusọ Augustus Aikhomu, igbákejì ààrẹ. Ó di Sátidé, ọjọ́ 26, kí Babangida fúnra rẹ̀ tó bá ará ìlú sọ̀rọ̀.

Nígbà tá à ń palẹ̀ ẹrù Bàbá wa mọ́ lẹ́yìn ìsìnkú, mo rí ìwé ìkọ̀wé mi kan tí eku ti jẹ létí. Bíró aláwọ̀ búlúù ni mo fi kọ ọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè yẹn pé kò síná, pé inú rédíò bàbá yàrá kejì la ti gbọ́ pé wọ́n ti fagi lé ìbò, pé Dádì ò tíì dé láti Lọ́kọ́jà. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé mo ṣì í kọ ni.

Ohun tó ṣe mí yìí ti ṣe àwọn mìíràn rí. Nígbà tí Challenger, ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà fi ń lọ sí gbalasa òfuurufú, gbiná lójú sánmà lóṣù Kìíní ọdún 1986, Ulric Neisser àti Nicole Harsch, àwọn tó ń ṣèwádìí nípa bí èèyàn ṣe ń rántí nǹkan, ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Emory l'Amẹ́ríkà kọ bí wọ́n ṣe gbọ́ ìròyìn náà sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì ààbọ̀, wọ́n tún bi 44 nínú wọn. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni ìdáhùn wọn ò bá ohun tí wọ́n kọ lákọ̀ọ́kọ́ mu rárá, ọ̀pọ̀ wọn sì fi ọkàn balẹ̀ dáhùn. Wọ́n fi ìwé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ hàn wọ́n, síbẹ̀ àwọn kan ní ìtàn tuntun ló tọ̀nà.

Ìgbà èwe ló ń tan wá jù. Bí ẹni tó ti lé lógójì ọdún bá ń ka ohun tó rántí láyé rẹ̀, èyí tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọmọ ọdún 10 sí 30 ló máa ń pọ̀ jù. Ìgbà àkọ́kọ́ tá a mọ̀ pé ìjọba lè gba nǹkan lọ́wọ́ òbí wa nìyẹn, ó sì wọ̀ wá lára. Ṣùgbọ́n ohun tó wọni lára, a máa ń tún un sọ. Ọbẹ̀ tá à ń gbé kaná lójoojúmọ́ ni: a bu omi díẹ̀ sí i, a ju ata díẹ̀ sí i, orúkọ tó ń jẹ́ lánàá náà ló ṣì ń jẹ́. Lọ́dọọdún, bí oṣù Kẹfà bá dé, tẹlifíṣọ̀n á tún gbé Babangida jáde, àwòrán yẹn ló sì wọlé jókòó sí Ọjọ́rú tèmi.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ mi kan fi ń búra pé Abacha ló wọ́gi lé ìbò náà. Ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ ni Babangida kúrò, Ṣónẹ́kàn jẹ ìjọba fìdí-hẹ, Abacha ò gbà á àfi ọjọ́ 17, oṣù Kọkànlá. Ṣùgbọ́n abẹ́ Abacha ni wọ́n ti mú Abíọ́lá ní 1994, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti yìnbọn pa Kudirat ìyàwó Abíọ́lá ní 1996. Ẹni tí ìrora náà pọ̀ jù lábẹ́ rẹ̀ la di gbogbo ẹ̀bi rù. Àwọn mìíràn sì ń rántí pé àjọ elétò ìdìbò kéde Abíọ́lá. Wọn ò kéde rẹ̀ nígbà náà: àbájáde àwọn ìpínlẹ̀ kan ti jáde kí wọ́n tó dá a dúró nítorí àṣẹ ilé ẹjọ́.

Ó dùn mí gan-an bí a ṣe ń bú àwọn ọmọdé tó bá béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ wa. Ìbẹ̀rù tá a rántí, òótọ́ ni. Ìbínú náà, òótọ́ ni. Ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó sọ ọ́, ibi tá a dúró sí, ẹ jẹ́ ká bá ìwé ìròyìn ìgbà náà wò ó.

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ó ní Dádì pa tẹlifíṣọ̀n lóòótọ́, àmọ́ Sátidé ni, kò sì dákẹ́ rárá: ó ní ká lọ pọn omi kún àgbá, torí a ò mọ ohun tí ọ̀la máa mú wá. Mi ò rántí omi kankan tẹ́lẹ̀. Látìgbà tó ti sọ ọ́, mo ń rí ara mi nídìí kànga pẹ̀lú korobá lọ́wọ́, mi ò sì lè sọ bóyá èmi ni mo rántí rẹ̀, àbí ẹ̀gbọ́n mi ló fún mi.