Ohun tí «extinguish» ń pa yàtọ̀ sí iná

Ìwé ẹjọ́ àti ìwé ilẹ̀ tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ni mò ń túmọ̀ jẹun. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú wọn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn mọ̀, torí wọ́n ti rí i lára sílíńdà pupa tó máa ń wà lára ògiri báńkì: extinguish. Pípa iná ni, àbí? Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ nínú ìwé lọ́yà, kò sí iná níbẹ̀.

Exstinguere ti èdè Látìn ni orísun rẹ̀: kí á pa iná, kí á pa nǹkan run. Àwọn ọdún 1540 ló wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. Ìdílé kan náà ni òun àti extinct, tí wọ́n ń lò fún ẹranko tí ìran rẹ̀ ti run, bíi ẹyẹ dodo ti erékùṣù Mauritius. Quench ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ onílé, ó ti wà kí ará Látìn tó yà dé. Òun ni wọ́n ń lò fún òǹgbẹ, àti fún irin pupa tí alágbẹ̀dẹ rì bọ omi. Àwa ará Nàìjíríà tún fi kún un: nínú Píjìn, jẹnẹrétọ̀ a máa quench, ènìyàn náà a sì máa quench.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ni extinguish ti le. Ẹ wo òfin England tó ń jẹ́ Limitation Act, ti ọdún 1980. Bí ẹnì kan bá yá yín lówó lórí àdéhùn lásán, tí ọdún 6 kọjá lẹ́yìn ọjọ́ tó yẹ kí ẹ san án, kò lè pè yín lẹ́jọ́ mọ́. Gbèsè náà ṣì wà o. Ilé ẹjọ́ ni kò ní bá a gbà á. Ti ilẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá jókòó sórí ilẹ̀ tí kò sí nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìjọba, tí onílẹ̀ kò pẹjọ́ títí ọdún 12 fi pé, òfin ní ẹ̀tọ́ onílẹ̀ ti di extinguished. Ẹjọ́ nìkan kọ́ ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí ì bá tìtorí rẹ̀ pẹjọ́ gan-an ti parẹ́.

Ìdí nìyẹn tí n kì í fi túmọ̀ rẹ̀ sí «dá dúró» tàbí «sún síwájú». «Pa rẹ́» ni mò ń kọ. Bí wọ́n bá gbé ìwé ìparí ìjà wá fún yín, tí ẹ rí ọ̀rọ̀ yìí nínú rẹ̀, ẹ bi lọ́yà yín léèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí i: ẹ̀tọ́ mi wo gan-an ni wọ́n ń pa rẹ́?